Ìjókòó Ìyá Iwájú

“Wọ́n ní ó ní…”

“Ta ló ní?”

“Bàbá Ṣófẹ̀. Ó ní ti Ìyá Iwájú yìí… nínú mọ́tò tuntun yẹn…”

“Ó ní kí ló ṣe é?”

“Èmi ò mọ̀ o. Lafiatou yìí ló gbọ́ ọ. Ó ṣáà ní òun gbọ́ tó ní kò… Ẹ dákẹ́, òun ló ń bọ̀ yẹn.”

Ìyádùnní yọ láti ẹ̀yìn ògiri, apẹ̀rẹ̀ òfìfo lórí, ó ń gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń tọrọ àyè lọ́wọ́ ilẹ̀. Àwọn obìnrin mẹ́rin tó jókòó sórí pákó níwájú ilé alágbẹ̀dẹ ní àdúgbò Houinmè ní Àjàṣẹ́ dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n kí i kú àárọ̀, wọ́n kí i kú ìrìn, wọ́n béèrè orúnkún, wọ́n béèrè àwọn ọmọ-ọmọ. Lafiatou tó kéré jù láàrin wọn fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ mìíràn, díẹ̀ ló máa ń tẹ orúnkún, á ti dìde. Ìyádùnní dáhùn gbogbo rẹ̀. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta, ó sì ti tajà tó láti mọ̀ pé ìkíni tó bá dùn ju bó ṣe yẹ lọ, nǹkan kan ló ń bò mọ́lẹ̀.

Mọ́símọ̀ ló fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àtùpà àti àbẹ́là ni Mọ́símọ̀ ń tà, òun ló tẹ̀ lé Ìyádùnní ní ọjọ́ orí, ọ̀rọ̀ kì í sì pẹ́ nínú rẹ̀ kó tó wá ọ̀nà jáde.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ó sàn kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu tèmi. Lafiatou gbé abọ́ lọ fún ìyàwó Hilaire ní ìrọ̀lẹ́ ìjẹta. Ó bá Òkunọlá, ṣófẹ̀ wa, níbẹ̀, òun àti Hilaire ń sọ ọ̀rọ̀ mọ́tò tó fẹ́ rà. Bó ṣe ń kọjá lọ sẹ́yìn ilé ló gbọ́ tí Òkunọlá ń sọ pé Ìyá Iwájú… pé Ìyá Iwájú kò lè wọ̀ ọ́.”

“Bẹ́ẹ̀ ló wí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni Lafiatou wí pé ó wí.”

“Kí ló wí lẹ́yìn ìyẹn?”

“Lafiatou ti wọ ẹ̀yìn ilé.”

Ìyádùnní sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀. Kò bínú, bẹ́ẹ̀ ló sọ fún ara rẹ̀. Ó kàn ń wo ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ yóò gbà wá, bí ẹni tí kò rí ọ̀nà náà rí.

Ọdún kọkànlá rè é tó ti ń jókòó síwájú ọkọ̀ Òkunọlá. Nígbà tí Òkunọlá kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ náà dé Àjàṣẹ́, ọkọ̀ náà ti gbó lọ́wọ́ olùkọ́ ìjọ kan kó tó kàn án, òun alára sì jẹ́ àjèjì láti ìhà Abẹ́òkúta, tí kò sí ẹni tó mọ ìyá tó bí i. Ó dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà láti àárọ̀ dé ọ̀sán, kò rí èrò kan ṣoṣo. Ìyádùnní ló rìn bọ̀, tó yí ọkọ̀ náà po lẹ́ẹ̀mejì, tó bi í pé, “Ibo lò ń lọ?” Òkunọlá ní, “Ibi tí ẹ bá ń lọ ni, ìyá.” Èsì náà pa á lẹ́rìn-ín, ló bá wọlé. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ìyá ọlọ́jà ti gbé òfin kan kalẹ̀ láàrin ara wọn: bí ẹnìkọ̀ọ̀kan ṣe tẹ̀ léra wọ ọkọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò ṣe máa jókòó. Ẹni àkọ́kọ́ ló ni iwájú. Òun náà ló ń ṣí ọ̀nà. Awakọ̀ kò gbọdọ̀ kúrò lójú kan àfi tí Ìyá Iwájú bá fi àtẹ́lẹwọ́ lu pákó iwájú lẹ́ẹ̀mẹta, tó bá ní, “Ọ̀nà, ọmọ rẹ dé o.” Òkunọlá kò rú òfin náà rí, kódà lọ́jọ́ tí àgbàrá fẹ́ gbé wọn lọ.

Ilẹ̀ mọ́ tán kí ọkọ̀ méjèèjì tó dé, ẹ̀gbọ́n níwájú, àbúrò lẹ́yìn. Ti Òkunọlá aláwọ̀ eérú ni, imú rẹ̀ yọ síta, ìdí rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ bí ìdí pẹ́pẹ́yẹ, ó sì máa ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí alàgbà tó fẹ́ sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé. Ti Hilaire funfun bí ẹyin. Kì í ṣe tuntun ní ti òdodo, ó ti lo ọdún mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n níbi tí ẹ̀gbọ́n yẹn bá ti dúró, tuntun ni gbogbo ènìyàn ń pe èkejì. Kọmí, ìyẹn akọ̀wé, ni Hilaire ní búrò ìjọba. Ìwé ti dé pé kó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ọdún méjì ní Dákà, ó sì fẹ́ ta ọkọ̀ náà kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ó fẹ́ràn ọkọ̀ náà débi pé kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan ìdarí rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló wà á wá, nínú ṣòkòtò tí wọ́n lọ̀ tó mú bí abẹ, pẹ̀lú àkísà mímọ́ kan tó fi ń nu ekuru lára rẹ̀ nígbàkígbà tó bá dúró.

Àdéhùn ni pé wọn yóò fi ti àtijọ́ lọ sí ọjà Ìgòlò, wọn yóò fi ti tuntun bọ̀, kí wọ́n lè fi ọ̀kan wé èkejì lójú ọ̀nà kan náà, lọ́jọ́ kan náà. Òkunọlá ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. “Ìyá ọlọ́jà ni mọ́tò ń gbé,” ó ti sọ fún Hilaire, “ìyá ọlọ́jà ni kó yẹ̀ ẹ́ wò.”

Ó bọ́ sílẹ̀, ó kí wọn. Ọkùnrin gíga ni, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Ìlẹ̀kùn tó máa ń ṣí fún Ìyádùnní láràárọ̀ kọ́ ló kọjú sí. Ìlẹ̀kùn ọkọ̀ funfun ló lọ ṣí.

“Ìyá mi, ẹ wá wọ ibí yìí wò ná, kí a tó máa lọ.”

Gbogbo ojú yí sí i. Ìyádùnní gbọ́ èémí Lafiatou lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti rí bẹ́ẹ̀, ó sọ nínú ara rẹ̀. Orúnkún tó ń dùn mí ló fẹ́ pe ayé wá wò.

“Mo ní ibi tí mo ń jókòó sí,” ó dáhùn.

“Kò ní pẹ́, ìyá.”

“Òkunọlá, ọjà ń dúró dè mí.”

Ó lọ sídìí ti àtijọ́. Ìlẹ̀kùn iwájú ọkọ̀ yẹn kì í ṣí bí ti àwọn ọkọ̀ ìsinsìnyí. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti dè é mọ́ ara ọkọ̀, iwájú ló ti ń ṣí, bí ìgbà tí ènìyàn bá na apá kan sílẹ̀ láti gba ọmọ mọ́ra. Ẹni tó fẹ́ wọlé yóò kẹ̀yìn sí i, yóò jókòó bí ẹni ń jókòó sórí àga nílé ara rẹ̀, yóò wá fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé kó tó gbé òsì. Bẹ́ẹ̀ ni Ìyádùnní ti ń ṣe é láti ọdún mẹ́ta tí orúnkún ti ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ní gbogbo ọdún mẹ́ta náà, bó bá ti ń wọlé, Òkunọlá á rí iṣẹ́ ṣe níbòmíràn: á máa nu gíláàsì, á máa fi ẹsẹ̀ ta táyà wò. Wọn kò sọ ọ́ fún ara wọn rí, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé kò fẹ́ wo òun ni.

Lónìí, Òkunọlá ń wò ó. Ó dúró tì í, ó ń wo bí ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣe ga tó kó tó wọlé, ó ń wo bí òsì ṣe tẹ̀ lé e. Nígbà tí ìyá jókòó tán, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka wọn gíga ìjókòó láti ilẹ̀. Ó lọ sídìí ti Hilaire, ó wọn tiẹ̀ náà. Ó mi orí.

Ara Ìyádùnní gbóná láti ọrùn dé etí. Ó lu pákó lẹ́ẹ̀mẹta. “Ọ̀nà, ọmọ rẹ dé o.”

Láti Houinmè títí wọ́n fi kọjá Ouando, kò sọ̀rọ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn ló ń sọ. Ọkọ̀ funfun ti ya wọ́n sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti dúró dè wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ìgbàkígbà tí wọ́n bá sì bá a, Hilaire ti wà nídìí ekuru rẹ̀.

“Ẹ wo bó ṣe ń lọ, kò tilẹ̀ dún,” Lafiatou wí láti ìjókòó tó kẹ́yìn pátápátá, níbi tó ti gbé ẹrù lé itan.

“Ohun tí kì í dún gan-an ni mo ń bẹ̀rù,” Mọ́símọ̀ dá a lóhùn. “Ọkọ mi àkọ́kọ́ kì í dún.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín.

“Tiwa yìí ńkọ́? Kó tó gun òkè, á ti kéde fún ará ìlú.”

“Ó ń kí wọn ni. Ọmọlúàbí kì í kọjá lára ènìyàn láìkí i.”

“Ìjókòó Hilaire rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná. Mo ti tẹ̀ ẹ́ wò.”

“Tiwa náà rọ̀. Irin kan ṣoṣo ló yọ nínú ibi tí èmi ń jókòó sí, mo sì ti mọ ilé rẹ̀. Bí mo ṣe ń yẹ̀ fún àna mi ni mo ń yẹ̀ fún un.”

“Òjò kì í wọ ti Hilaire.”

“Ó ń wọ tiwa, ṣùgbọ́n kì í sùn síbẹ̀. Ihò ìsàlẹ̀ wà fún un láti jáde.”

Ẹ̀rín tún sọ. Òkunọlá pàápàá rẹ́rìn-ín músẹ́ nídìí ìdarí. Lọ́jọ́ mìíràn, Ìyádùnní ni ì bá dá ẹjọ́ náà, torí òun ló máa ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pa irú àwàdà bẹ́ẹ̀ dé. Wọ́n dúró dè é. Ó ń wo ojú ọ̀nà.

“Bàbá Ṣófẹ̀,” Lafiatou tún bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, “bí ẹ bá ra tuntun yìí, ta ni yóò máa jókòó síwájú?”

Mọ́símọ̀ bojú wẹ̀yìn wò ó.

“Jẹ́ kí n rà á ná,” Òkunọlá wí.

Ìyádùnní gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò bí ẹni ń yẹ abọ́ wò ní ìdí. Kò sọ pé ẹni tó ti ń jókòó síbẹ̀ ni. Kí ló dé tí kò fi sọ ọ́? Ọ̀rọ̀ mélòó ló gbà?

Ní Ìgòlò, oòrùn ti gorí igi. Abọ́ tánganran ni Ìyádùnní ń rà lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o wá láti òdìkejì ààlà: aláwọ̀ ewé, funfun olódòdó, èyí tó ní ìdérí. Ó máa ń fi èékánná gbá ẹnu rẹ̀, kó gbọ́ bó ṣe ń dún, kó tó gbà á. Lónìí ó gbá abọ́ mẹ́fà, kò gbọ́ ohùn ìkankan. Ó ra ìdajì ohun tó máa ń rà, ó bá mú ọ̀nà ibi tí Aboudou ń gbé kámíọ̀n akẹ́rù rẹ̀ sí pọ̀n. Àgbàdo àti ènìyàn ni Aboudou ń kó pọ̀.

“Ìyá Iwájú! Ẹ̀yin rè é ní ọ̀dọ̀ wa? Òkunọlá ti kú ni?”

“Kò kú. Mo fẹ́ máa bá ọ lọ láti ọjà tó ń bọ̀.”

“Ẹ káàbọ̀ o! Òkè lẹ́yìn ló ṣẹ́kù, lórí àpò. Atẹ́gùn wà níbẹ̀ dáadáa.” Ó nawọ́ sí ẹ̀yìn kámíọ̀n. Ibẹ̀ ga dé àyà Ìyádùnní, kò sí ohun tí ènìyàn lè tẹ̀ gùn ún àfi irin kékeré kan tí àtẹ́lẹsẹ̀ èrò ti tẹ̀ títí tó fi ń dán.

“Mo lè gùn ún,” ó ní.

Aboudou wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo irin náà, ó wá wo ojú ọ̀run. “Ìyá ló mọ̀,” ó ní.

Òkunọlá ló bá tó ń di abọ́ mọ́ orí ọkọ̀ àtijọ́. Ó dúró nísàlẹ̀, ó sọ ọ́ kí ọkàn rẹ̀ tó yí padà.

“Láti ọjà tó ń bọ̀, Aboudou ni yóò máa gbé mi. Ra mọ́tò tó bá wù ọ́.”

Okùn dúró lọ́wọ́ Òkunọlá. Ó wo kámíọ̀n náà lọ́ọ̀ọ́kán, ó wò ó láti orí dé ìsàlẹ̀.

“Kámíọ̀n Aboudou yẹn.”

“Òun náà ni.”

“Ìyá mi, kí ni mo ṣe?”

Ó ti dé ẹnu rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n báwo ni àgbà yóò ṣe la ẹnu bi ọkùnrin tó lè bí lọ́mọ pé, ṣé lóòótọ́ lo sọ pé mo ti gbó ju mọ́tò rẹ lọ? Kò sí bó ṣe lè sọ ọ́ tí kò ní dà bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún àga.

“O ò ṣe nǹkan kan.”

“Bí a bá ń padà, ẹ bá mi wọ ti Hilaire. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Mo bẹ̀ yín.”

“N kò wọ̀ ọ́.”

Òkunọlá so okùn náà, ó fà á, ó le. “Kò burú,” ó ní. “Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé.”

Àwọn obìnrin mẹ́rin yòókù kó sínú ọkọ̀ funfun. Igbe wọn ṣì ń dún lẹ́yìn tí ekuru ti bò wọ́n: ẹ wo fèrèsé, ẹ wo bó ṣe ń yí sísàlẹ̀, áà, ìdí mi kò mọ̀ pé òun wà lójú ọ̀nà! Ìyádùnní àti Òkunọlá nìkan ló kù nínú ti àtijọ́. Ó lu pákó, ó kí ọ̀nà, wọ́n gbéra.

Ọkọ̀ náà ń rìn jẹ́jẹ́, ó ń sọ gbogbo ohun tó ń dùn ún. Ìyádùnní mọ ìró kọ̀ọ̀kan bí ẹni mọ ohùn àwọn ará ilé. Èyí tó ń dún kìrìkìrì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ìlẹ̀kùn ni. Èyí tó ń súfèé, fèrèsé tí kì í pa dé ni, tí Òkunọlá fi mùkù ṣíbí ṣe ohun tí wọ́n fi ń yí i. Níwájú rẹ̀, ibi tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń lù lórí pákó ti yí àwọ̀ padà, ó ti ń dán. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló ń wọ àkísà lọ sọ́jà?

Ó rántí ọdún tí ọkọ rẹ̀ kú. Ó jókòó sílé fún oṣù mẹ́ta, kò lọ sí ibì kankan. Ní gbogbo ọjọ́ ọjà, ní àárọ̀, ọkọ̀ yìí á dúró níwájú ilé rẹ̀, á fun fèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò ní dúró pẹ́, á kọjá lọ. Ìgbà tó jáde láti inú ọ̀fọ̀ ni Mọ́símọ̀ tó sọ fún un pé òfìfo ni iwájú ń lọ láti ọjọ́ yẹn, òfìfo ló sì ń bọ̀; pé àwọn èrò ń kígbe pé àyè há mọ́ àwọn lẹ́yìn, Òkunọlá ń ṣe bí adití.

Ó wo ọkùnrin náà láti ẹ̀gbẹ́ ojú. Irun etí rẹ̀ ti ń funfun. Ẹni yẹn náà ló wá sọ báyìí? Ọdún ń lọ, ó sọ fún ara rẹ̀. Ọdún ń lọ, ènìyàn ń yí padà, ẹni tó bá fẹ́ jẹun gbọ́dọ̀ ra mọ́tò tó ń sáré.

Wọ́n kù díẹ̀ kí wọ́n dé Ouando nígbà tí èéfín funfun bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti imú ọkọ̀. Òkunọlá yà sí ẹ̀bá ọ̀nà, ó pa á. Omi inú ẹ̀rọ ti hó tán. Ó na ọwọ́ sí ìdí ẹsẹ̀ Ìyádùnní láti mú agbè omi, bó ṣe máa ń ṣe. Agbè náà fúyẹ́. Ìyádùnní ló máa ń pọn ọ́n kún ní kànga Ìgòlò ní gbogbo ọjọ́ ọjà, nítorí ó mọ̀ pé òùngbẹ a máa gbẹ ẹ̀rọ náà lójú ọ̀nà. Lónìí, ìgbà tó yẹ kó lọ pọnmi ló lọ bá Aboudou.

“N kò pọnmi,” ó wí.

“Èmi náà kò rán yín létí,” Òkunọlá dáhùn. Ó gbé agbè lé èjìká, ó wọ àárín ọ̀pẹ lọ síbi tí òrùlé kan ti ń yọ lókèèrè.

Kò pẹ́ tí ọkọ̀ funfun padà dé, Hilaire nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ó ti já àwọn yòókù sílẹ̀ ní ọjà Ouando, ó ní wọ́n ń bẹ̀rù pé nǹkan ti ṣe àgbà. Ó kí Ìyádùnní, ó nu ekuru, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní kí ìyá má bínú, òun ń bọ̀. Ó wọ igbó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lọ bí ẹni tí ìtọ̀ ti ń gbọ̀n láti Ìgòlò.

Ìyádùnní dúró láàrin ọkọ̀ méjèèjì. Kò sí ènìyàn lójú ọ̀nà. Ẹyẹ kan ń ké lórí ọ̀pẹ.

Ó lọ sídìí ti funfun, ó ṣí ìlẹ̀kùn iwájú. Ìlẹ̀kùn náà ṣí sí apá tí kò mọ̀, ó wá dúró láàrin òun àti ibi tó yẹ kó fọwọ́ dì mú. Ó kọ́kọ́ gbìyànjú láti kẹ̀yìn sí i. Orí rẹ̀ gbá òrùlé. Ó tún un ṣe, ó tẹ orí ba; ìjókòó náà wà nísàlẹ̀ ju ibi tí ìdí rẹ̀ rò pé ó wà lọ, orúnkún sì ké sí i pé kó má dán an wò. Ó jáde, ó mí. Ó wo ẹ̀yìn, kò rí ẹnikẹ́ni. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó di òkè ìlẹ̀kùn mú, ó jẹ́ kí ara rẹ̀ lọ. Ó bọ́ sórí ìjókòó gbì. Ó rọ̀ lóòótọ́. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó wọlé. Òsì wà níta, kò gbà.

“Ìyá!” Hilaire ti ń sáré bọ̀, ó ń de ìgbànú rẹ̀. “Ẹ má dúró! Ó kù díẹ̀! Ẹ gbé òsì yẹn wá!”

Ìyádùnní fẹ́ jáde, kò lè jáde. Ó fẹ́ wọlé, kò lè wọlé. Gèlè rẹ̀ ti bọ́ bo ojú kan. “Wá fún mi lọ́wọ́, ìwọ ọmọ yìí.”

Hilaire dúró gbagidi. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. “N kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn yín, ìyá. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá ràn yín lọ́wọ́, kò kà.”

“Ta ló ní?”

“Òkunọlá yẹn náà ni. Ẹ dákun, ìyá, ẹ tún un gbìyànjú. Ọjọ́bọ̀ ni mo ń lọ, orúnkún yín sì ni gbogbo ọjà mi dúró lé. Mo ṣí ẹ̀rọ hàn án, kò wò ó. Mo ní kó wo táyà, kò wò ó. Ìlẹ̀kùn ló ń ṣí, ìlẹ̀kùn ló ń tì, ó ń fi ìka wọn àga bí ẹni fẹ́ rán aṣọ fún un. N kò rí irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ rí.”

Ìyádùnní ti gèlè kúrò lójú. “Wọ́n ní ó ní n kò lè wọ̀ ọ́.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?” Ó dun kọmí náà. “Ẹni yẹn wà níbẹ̀ ni? Èmi ni mo wà níbẹ̀. Ìyá, iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní búrò ni pé kí ọ̀gá sọ̀rọ̀, kí n kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, kí n má fi kún un, kí n má yọ níbẹ̀.”

“Ó dáa. Sọ ọ́ fún mi bó ṣe sọ ọ́.”

Láàrin àwọn ọ̀pẹ, Òkunọlá ti ń bọ̀, agbè lórí èjìká, ó ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí omi má bàa dànù. Ọkọ̀ àtijọ́ ṣì ń mí èéfín díẹ̀díẹ̀ ní ẹ̀bá ọ̀nà, ìlẹ̀kùn iwájú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ bí ó ti fi í sílẹ̀. Ìyádùnní ń wo ọkùnrin náà bó ṣe ń bọ̀, ẹsẹ̀ kan nínú ọkọ̀, ẹsẹ̀ kan lórí ilẹ̀, ó sì mọ̀ pé òun kò fẹ́ kó tètè dé.

Hilaire na ẹ̀wù rẹ̀ kó gún, bó ṣe máa ń ṣe kó tó ka ìwé fún ọ̀gá rẹ̀.

“Ó ní, ‘Mùsíyé Hilaire, mọ́tò yín dára, n kò rí àléébù kan lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Ìyá Iwájú kò bá lè wọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé wọ́n tì í wọlé bí ẹrù níṣojú àwọn ọmọdé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá oníbàárà mìíràn. Tèmi ṣì ń rìn.’”